Wíwá Ìwúkàrà Nínú Ilé Kí Àjọ Ìrékọjá Tó Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "ìwúkàrà" nínú ìwàásù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé orúkọ mìíràn fún ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nínú ilé àwọn Júù, ní alẹ́ tí ó ṣáájú Àjọ Ìrékọjá, ohun tí a lè fọwọ́ mú ni: èérún búrẹ́dì tí ó bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bisikíìtì tí ọmọ gbàgbé sínú àpò ẹ̀wù iléèwé, ìgò ọtí bíà tí àlejò kò mu tán. Ọdún mélòó kan ni mo fi tọ́jú ìyá àgbà Júù kan ní Stamford Hill, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, àwọn ará wa tí wọ́n sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yẹn kò kéré. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí bí àjọ náà bá ti ń sún mọ́lé ni mo kó jọ síbí. Mo dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn Júù ṣe là á sílẹ̀, nítorí ó máa ń dùn mí pé a fi àpèjúwe bo ohun gidi mọ́lẹ̀.

Kí ni ìwúkàrà gan-an lójú òfin yìí?

Irú ọkà márùn-ún péré ni ó lè di ìwúkàrà: àlìkámà, ọkà báálì, ọkà óòtì, ọkà rye àti ọkà spelt tí ó jẹ́ ìbátan àlìkámà. Bí omi bá kan ìyẹ̀fun ọ̀kan nínú wọn, tí a sì fi í sílẹ̀ láìpò ó, láìyan án, fún ìṣẹ́jú 18, àwọn amòfin kà á sí ohun tí ó ti wú, ì báà jẹ́ pé ojú kò tíì rí wíwú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń yan matzah, ìyẹn àkàrà aláìwú, fi máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí òjò ṣú lé lórí. Láti ìgbà tí omi bá ti kan ìyẹ̀fun títí àkàrà yóò fi jinná nínú ààrò, ìṣẹ́jú 18 náà kò gbọdọ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Hébérù ní. Se'or ni ìyẹ̀fun kíkan tí a fi ń mú òmíràn wú, hametz sì ni oúnjẹ tí ó ti wú. Òfin kan náà ló mú àwọn méjèèjì, nítorí náà "ìwúkàrà" ni n ó máa pe gbogbo rẹ̀ níhìn-ín. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, kéèkì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni pọ́fùpọ́fù, sùpàgẹ́tì, sẹ̀mó tí a fi àlìkámà ṣe, ọtí bíà àti ọtí wísíkì.

Ògì àti gaàrí náà máa ń kan. Ṣé ìwúkàrà ni àwọn náà?

Rárá. Kíkan nìkan kò sọ nǹkan di ìwúkàrà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti ara ọ̀kan nínú ọkà márùn-ún yẹn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọkà rárá, nítorí náà gaàrí àti fùfú kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ti àgbàdo yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìwúkàrà, ṣùgbọ́n àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn gbé ní Jámánì, Póláǹdì àti ìlà-oòrùn Yúróòpù, ní àṣà àtayébáyé kan tí kò jẹ́ kí wọ́n jẹ àgbàdo, ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ní ọjọ́ àjọ. Kitniyot ni wọ́n ń pe irú àwọn oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Jíjẹ ẹ́ nìkan ni wọ́n yẹra fún. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n wá a kiri ilé tàbí kí wọ́n sun ún, àpò ìrẹsì lè wà ní ìdí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọ dé òpin. Ní ọdún 2015, àwọn rábì ẹ̀ka Conservative ní Amẹ́ríkà gbà kí àwọn ọmọ ìjọ wọn máa jẹ ẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn Júù Sephardi, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn gbé ní Sípéènì àti Pọ́túgà, kò ní àṣà yìí rárá, ìrẹsì wà lórí tábìlì wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun tàbí àtẹ, wọ́n á sì ṣà á lẹ́ẹ̀mẹta, hóró kọ̀ọ̀kan, bóyá hóró àlìkámà kan ti yọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ ṣa òkúta inú ìrẹsì rí yóò mọ irú sùúrù tí mo ń wí.

Níbo ni òfin wíwá a kiri ilé ti wá?

Ìwé Ẹ́kísódù orí 12 ni ó sọ pé fún ọjọ́ méje, a kò gbọdọ̀ rí ìwúkàrà nínú ilé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Orí 13 tún fi kún un pé kò gbọdọ̀ hàn lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo àgbègbè wọn. Èyí ju èèwọ̀ jíjẹ lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún Júù láti jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Bíbélì ti sọ pé kò gbọdọ̀ ní in. Ìwúkàrà ní ọ̀sẹ̀ àjọ ni a ní kò gbọdọ̀ jẹ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Bíbélì kò dárúkọ àbẹ́là, kò sì dárúkọ alẹ́. Míṣínà, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu tí wọ́n kó jọ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ni ó fi àyẹ̀wò yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí Ìrékọjá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni pé ní alẹ́ tí ó mọ́ ọjọ́ kẹrìnlá (ti oṣù Nísàn), kí a fi ìmọ́lẹ̀ àtùpà wá ìwúkàrà. Tálímọ́dì, ìwé ńlá tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ṣàlàyé Míṣínà, tú u palẹ̀, Joseph Karo ti ìlú Safed sì tò ó sínú ìwé òfin tí ń jẹ́ Shulhan Arukh, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1565. Moses Isserles ti ìlú Kraków ni ó fi àṣà àwọn Ashkenazi kún un. Títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwúkàrà yóò ṣí apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti orí 431.

Àwọn olùṣàlàyé kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìdí tí àyẹ̀wò náà fi pọn dandan. Rashi, tí ó kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1105, sọ pé kí ènìyàn má baà rú òfin tí ó ní kí ìwúkàrà má ṣe hàn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e, tí a ń pè ní Tosafot, sọ pé kí ó má baà kan búrẹ́dì kan ní àárín ọ̀sẹ̀, kí ó sì gbàgbé, kí ó jẹ ẹ́. Lójú tèmi, ìdí kejì yìí ni ó mọ ènìyàn jù. Ohun tí a kì í jẹ láti ọdún dé ọdún, ọwọ́ kì í nà sí i. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí a ti ń jẹ láràárọ̀ títí di àná, ọwọ́ á ti mú un dé ẹnu kí ọkàn tó rántí pé àjọ ti wọlé.

Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣe é?

Ọjọ́ àwọn Júù máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Àjọ Ìrékọjá wọlé ní alẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ karùndínlógún oṣù Nísàn. Àyẹ̀wò sì jẹ́ ti alẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, ìyẹn odindi ọjọ́ kan ṣáájú. Ní ọdún 2026, fún àpẹẹrẹ, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ni alẹ́ àyẹ̀wò, nígbà tí àjọ wọlé ní alẹ́ Ọjọ́rú.

Tálímọ́dì béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ alẹ́, ó sì dáhùn pẹ̀lú ohun méjì tí ó rọrùn: alẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń wà nílé, alẹ́ sì ni ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là dára fún wíwá nǹkan. Ní kété tí ìràwọ̀ bá yọ ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, ènìyàn kò gbọdọ̀ jókòó ti oúnjẹ, kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé iṣẹ́ tuntun, kódà àwọn tí ń kọ́ Tórà, ìyẹn ìwé Òfin Mósè, ní láti pa ìwé dé, kí ohun mìíràn má baà gbé wọn lọ.

Ẹni tí ó bá gbàgbé ní alẹ́ yóò wá a ní òwúrọ̀. Bí òwúrọ̀ bá tún fò ó, yóò wá a nínú àjọ. Bí àjọ bá parí láìwá a, Míṣínà ní kí ó wá a lẹ́yìn àjọ pàápàá, nítorí ìwúkàrà tí ó jẹ́ ti Júù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ti di ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, tí kò sì gbọdọ̀ jèrè lára rẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àbẹ́là?

Àwọn ọlọ́gbọ́n fi ẹsẹ Bíbélì so ó mọ́ra. Sefanáyà orí 1 sọ pé Ọlọ́run yóò fi fìtílà wá inú Jerúsálẹ́mù kiri. Òwe orí 20 pe ẹ̀mí ènìyàn ní fìtílà Olúwa tí ó ń wá inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe kedere. Àbẹ́là olówùú kan ṣoṣo ni òfin fẹ́. Ògùṣọ̀ kò dára, nítorí kò lè wọ inú ihò àti àlàfo, ẹni tí ó sì mú un lọ́wọ́ yóò máa bẹ̀rù kí ilé má jóná, ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbi ohun tí ó ń wá. Òfin ka àbẹ́là tí a lọ́ pọ̀ mọ́ra, irú èyí tí wọ́n fi ń dágbére fún Sábáàtì, sí ògùṣọ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ rábì gba tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì láàyè, pàápàá nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ní ibi tí iná lè ràn. Àwọn kan máa ń fi àbẹ́là bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè ṣe ìbùkún lé e lórí, wọ́n á wá fi tọ́ọ̀ṣì parí rẹ̀. N kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn, nítorí tọ́ọ̀ṣì kékeré ń ṣe ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n fẹ́ kí àbẹ́là ṣe: ó ń wọ kọ̀rọ̀.

Ṣé gbígbá ilé àti fífọ ilé kò tó?

Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ilé tí wọ́n ti gbá, tí wọ́n ti nù, tí wọ́n ti fọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ṣì gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ní alẹ́ yẹn, nítorí ìgbálẹ̀ ń wá ìdọ̀tí, àyẹ̀wò ń wá oúnjẹ. Ní ìdàkejì, aṣọ fèrèsé tí ó kún fún eruku kò ba àjọ jẹ́. Àwọn rábì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ilé tí iṣẹ́ ti fẹ́ pa pé eruku kì í ṣe ìwúkàrà, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ ní títúnsọ, nítorí mo ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fọ àjà ilé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó gbé búrẹ́dì dé òkè àjà rí. Àwọn obìnrin ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn wọn jù. Tálímọ́dì gbà wọ́n gbọ́ bí wọ́n bá sọ pé àwọn ti wá ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba àwọn ọmọdé pàápàá gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní alẹ́ náà gan-an?

Baálé ilé yóò tan àbẹ́là, àwọn ará ilé yóò sì yí i ká, nítorí òfin gbà pé kí ẹnì kan ṣe ìbùkún, kí àwọn yòókù ṣe àmín sí i, kí kálukú sì gba yàrá tirẹ̀ lọ. Ìbùkún náà ni pé: "Ìbùkún ni fún Ọ, Olúwa Ọlọ́run wa, Ọba ayé gbogbo, ẹni tí ó fi àwọn àṣẹ Rẹ̀ yà wá sí mímọ́, tí ó sì pàṣẹ fún wa nípa mímú ìwúkàrà kúrò." Láti ìgbà tí ó bá ti ṣe ìbùkún tán títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá, kò gbọdọ̀ ya ẹnu sọ ohunkóhun. Nígbà tí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó kan iṣẹ́ náà nìkan ni ó yẹ kí ó sọ títí yóò fi parí.

Ní ilé ìyá tí mo tọ́jú, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó dàgbà jù ni ó máa ń wá ṣe é. Wọ́n á pa gbogbo iná mànàmáná. Ìyá á jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fetí sí ẹsẹ̀ wọn láti yàrá dé yàrá, àwọn ọmọ kéékèèké á sì tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ, ṣíbí onígi àti àpò bébà. Mo rí i tí ó dojú bolẹ̀ láti wo abẹ́ ibùsùn, tí ó na àbẹ́là sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri, tí ìda sì ń kán sí i lẹ́yìn ọwọ́. Nígbà tí ó rí èérún kan níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, nítorí ìka lè fọ́n ọn ká sí méjì tàbí mẹ́ta. Ó fi ìyẹ́ gbá a wọ inú ṣíbí díẹ̀díẹ̀, ó dà á sínú àpò, ó sì tún na àbẹ́là padà sí ibi kan náà láti wò ó bóyá ó kù. Ìyẹ́ àti ṣíbí onígi kì í ṣe òfin. Àṣà ni, ṣùgbọ́n àṣà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Kí ni ti ẹyọ búrẹ́dì mẹ́wàá tí wọ́n ń fi pamọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan yóò fi búrẹ́dì pélébé-pélébé mẹ́wàá sí ibi mẹ́wàá. Isserles kọ ọ́ pé àṣà ni láti fi búrẹ́dì sí ibi tí olùwá yóò ti rí i, kí ìbùkún rẹ̀ má baà já sí asán bí ilé bá mọ́ tónítóní. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé bí wọn kò bá ṣe é, kò ba nǹkan jẹ́, nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tí ń ṣe ìbùkún ni pé kí òun mú ìwúkàrà kúrò bí ó bá wà. Iye mẹ́wàá náà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀kọ́ Isaac Luria, ọlọ́gbọ́n ìjìnlẹ̀ ti ìlú Safed.

Wọ́n máa ń fi bébà wé e kí ó má baà já èérún sílẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe é kékeré, kí ó kéré ju èso ólífì kan lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ fi wọ́n sí sílẹ̀. Mo ti wà nílé níbi tí mẹ́sàn-án ti yọ, tí ìkẹwàá di àwátì, tí ẹni tí ó fi í pamọ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà tí oorun ti gbé lọ. Ó di dandan kí wọ́n tún gbogbo ilé wá, torí èyí kò jọ ìwúkàrà tí a ń fura sí lásán, ìwúkàrà tí a mọ̀ dájú pé ó wà ni.

Ibo ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò, ibo ni kò pọn dandan?

Ìlànà Míṣínà kò gùn: ibikíbi tí wọn kì í gbé ìwúkàrà wọ̀ kò nílò àyẹ̀wò. Gbogbo ìyókù jẹ́ mímọ bí àwọn ará ilé ṣe ń gbé. Ilé tí kò sí ọmọdé yàtọ̀ sí ilé tí ọmọ ọdún méjì ń fi bisikíìtì lọ́wọ́ rìn kiri. Míṣínà fi yàrá tí wọ́n ń kó ìkòkò wáìnì sí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọmọ ọ̀dọ̀ lè fi búrẹ́dì lọ́wọ́ wọ ibẹ̀ lọ bu wáìnì nígbà tí oúnjẹ bá ń lọ lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ń jiyàn lórí rẹ̀ láyé àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ Shammai ní kí wọ́n wo ìlà ìkòkò méjì, èyí tí ó bo gbogbo iwájú yàrá náà láti òkè dé ilẹ̀ àti èyí tí ó bo òkè rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Hillel ní ìlà méjì tí ó wà ní òde lókè ti tó, èyí tí ọwọ́ máa ń dé. Ti Hillel ni òfin tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò ògiri: kí a wò ó dé ibi tí ọwọ́ lè nà dé. Bí ògiri bá wó lu ìwúkàrà mọ́lẹ̀, tí òkìtì rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ajá kò lè hú u jáde, ó dà bíi pé a ti mú un kúrò.

Àpò aṣọ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù, Isserles sì dárúkọ rẹ̀ ní pàtó. Ẹ yẹ àpò ẹ̀wù òtútù wò, ẹ yẹ báàgì iléèwé, abẹ́ ìjókòó ọmọ nínú ọkọ̀, dúróà tábìlì ibi iṣẹ́. Sínágọ́gù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò, nítorí àwọn ọmọdé máa ń mú oúnjẹ wọ ibẹ̀.

Bí eku bá gbé búrẹ́dì wọlé lẹ́yìn àyẹ̀wò ńkọ́?

Ìdáhùn Míṣínà sí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ pé kí a má ṣe bẹ̀rù bóyá ẹranko kan ti fa ìwúkàrà láti ilé kan wọ òmíràn, nítorí bí a bá ń bẹ̀rù láti ilé dé ilé, a ó bẹ̀rù láti àgbàlá dé àgbàlá àti láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní lópin. Òfin tí ó ní kí a na àbẹ́là sínú ihò ògiri ni ó tún sọ fún wa ibi tí a ó ti dúró.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a fi búrẹ́dì sílẹ̀ gbayawu. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ jẹ láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n gbọ́dọ̀ bò dáadáa, kí èkúté ilé má baà gbé e lọ lójú wọn. Bí wọ́n bá fi ẹyọ mẹ́wàá sílẹ̀, tí wọ́n bá mẹ́sàn-án láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ilé wá.

Kí ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn àyẹ̀wò?

Wọ́n ń sọ ìwúkàrà dasán. Bitul ni orúkọ rẹ̀. Èdè Árámáíkì ni wọ́n kọ ọ́, èdè tí ọ̀pọ̀ Júù ń sọ ní ayé ìgbà náà, nítorí ẹni tí ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ Árámáíkì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní èdè tí ó yé e. Bí a bá fi Yorùbá sọ ọ́, yóò lọ báyìí: "Gbogbo ìwúkàrà àti gbogbo ohun wíwú tí ó wà ní ìkáwọ́ mi, tí n kò rí, tí n kò sì mú kúrò, tí n kò sì mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó di asán, kí ó di ohun tí kò ní olówó, bí erùpẹ̀ ilẹ̀." Ní alẹ́, èyí tí kò rí nìkan ni ó ń sọ dasán, nítorí ó ṣì fẹ́ jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti sun ìyókù, yóò tún un sọ, yóò sì fi èyí tí ó rí àti èyí tí kò rí kún un.

Àwọn kan máa ń bi mí pé bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè sọ ọ́ dasán, kí ni ìwúlò wíwá? Tálímọ́dì gbà pé lójú Tórà, ìsọdasán nìkan tó. Àwọn ọlọ́gbọ́n ni kò gbà kí ó tó. Ẹni tí ó bá bá ìgò wísíkì olówó iyebíye ní àárín ọ̀sẹ̀ lè yí ọkàn rẹ̀ padà pé kì í ṣe erùpẹ̀ mọ́. Nítorí náà wọ́n so méjèèjì pọ̀: ohun tí ọwọ́ bá tó, kí ọwọ́ mú un kúrò, ohun tí ọwọ́ kò tó, kí ọkàn jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò, èkejì kò ní dúró. Ẹni tí kò wá tí ó kàn sọ ọ́ dasán ń tan ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá láìsọ ọ́ dasán kò ní sùn ní alẹ́ yẹn.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì?

Wọ́n ń sun ún. Nínú Míṣínà, Rábì Judah ní iná nìkan ni, àwọn ọlọ́gbọ́n yòókù ní a tún lè rún un kí a fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ tàbí kí a jù ú sínú òkun. Iná ni àṣà tẹ̀ lé. Wọ́n ń jó ìyẹ́, ṣíbí onígi àti àjẹkù àbẹ́là pọ̀ mọ́ ọn, àwọn kan sì máa ń pa imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n lò ní Àjọ Àgọ́ mọ́ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kí wọ́n lè fi dá iná yìí. Ní Mea Shearim ní Jerúsálẹ́mù àti ní Borough Park ní Brooklyn, èéfín máa ń gba ojú ọ̀run kan láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Wákàtí rẹ̀ ṣe pàtàkì. Wọ́n ń pín ojúmọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ sí ọ̀nà 12. Jíjẹ ìwúkàrà dópin nígbà tí ìdá kẹrin bá parí, sísun àti ìsọdasán ti òwúrọ̀ sì gbọ́dọ̀ parí kí ìdá karùn-ún tó tán. Bí oòrùn bá yọ ní aago mẹ́fà tí ó sì wọ̀ ní aago mẹ́fà, ìyẹn jẹ́ aago mẹ́wàá àti aago mọ́kànlá àárọ̀. Nígbà tí Tẹ́ḿpìlì ṣì wà, wọ́n máa ń gbé ìṣù àkàrà méjì sórí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ níbi tí gbogbo ìlú ti lè rí i. Bí méjèèjì bá wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń jẹ. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan kúrò, wọ́n á dáwọ́ jíjẹ dúró, wọn kò sì tíì ní sun ún. Bí wọ́n bá gbé èkejì, gbogbo ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í sun.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń tà á fún ẹni tí kì í ṣe Júù?

Òótọ́ ni. Ẹni tí ó ní ilé ìtajà tàbí ọtí olówó ńlá kò lè sun gbogbo rẹ̀. Joel Sirkes, rábì ilẹ̀ Póláǹdì tí ó kú ní ọdún 1640, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí títà náà gba ìlànà tí a mọ̀ lónìí: a ta ìwúkàrà pẹ̀lú yàrá tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí àjọ yóò fi parí. Wọ́n á kọ ìwé, wọ́n á gba owó àsansílẹ̀, ẹni tí ó rà á sì ní ẹ̀tọ́ láti wọlé wá gbé e. Ní Ísírẹ́lì, Ilé Iṣẹ́ Olórí Rábì máa ń ta ìwúkàrà ìjọba fún ọkùnrin Árábù kan láti ìlú Abu Ghosh lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù. Lẹ́yìn àjọ, wọ́n á rà á padà.

Bí ẹnì kan bá ń rìnrìn àjò, tàbí tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Sábáàtì?

Ẹni tí yóò kúrò nílé nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó ṣáájú àjọ gbọ́dọ̀ wá ilé rẹ̀ ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣe ìbùkún. Bí ọjọ́ kẹrìnlá bá bọ́ sí Sábáàtì, bí ó ti rí ní ọdún 2021 àti 2025, wọ́n ń wá a ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń sun ún láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì ń fi ìwọ̀nba tí wọn yóò jẹ ní Sábáàtì sílẹ̀.

Bí ìwúkàrà bá yọ ní ọjọ́ àjọ gan-an?

Ní ọjọ́ mímọ́, ìyẹn ọjọ́ àjọ tí wọn kì í ṣiṣẹ́, ẹni tí ó bá rí i kò gbọdọ̀ gbé e. Yóò da abọ́ bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì jẹ ẹ́, yóò sì sun ún nígbà tí ọjọ́ mímọ́ náà bá ti kọjá.

Ilé Júù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ni ó kàn mí?

Òfin yìí kò de ẹni tí kì í ṣe Júù, oúnjẹ tirẹ kì í sì í ṣe oúnjẹ wọn. Bí o bá ń gbé nínú ilé náà, tí o sì ní ìwúkàrà tìrẹ ní igun kan, òfin ní kí wọ́n dábùú nǹkan tí ó ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́wàá sí i, kí ojú wọn má baà máa bọ́ sí i. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á pa mọ́ fún ọ lọ́nà tí yóò fi di gbèsè sí wọn lọ́rùn bí ó bá sọnù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára jù ni kí o má mú un wọlé rárá. Má ṣe gbé míìtì páì wá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ó ti wù kí inú rẹ dára tó. Èso tútù ni kí o mú lọ. Bí o bá rí àwo oúnjẹ tí o kò rí láti ọdún tí ó kọjá, àwo Ìrékọjá ni, má ṣe bu oúnjẹ ọjọ́ mìíràn sí i.

Èmi máa ń jẹ búrẹ́dì mi tán nínú bọ́ọ̀sì ní àwọn àárọ̀ yẹn. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ìyá, n ó yí àpò ẹ̀wù mi síta, n ó gbọ̀n ọ́n sórí pápá, n ó sì wo àárín ìránpọ̀ rẹ̀ kí n tó tẹ aago.